Eti-erin inú bọ́kẹ́ẹ̀tì: ohun tó pa á lọ́yẹ́, àti bí tọdún yìí ṣe máa la ọ̀gbẹlẹ̀ já

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Àkóbọ̀, Ìbàdàn:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Lóṣù kẹfà ọdún tó kọjá ni mo ra eti-erin mẹ́rin lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì. Ewé méjì nínú wọn dúdú, ẹ̀kẹta jẹ́ aláwọ̀ ewé lásán, ẹ̀kẹrin ń dán, ó sì kọjú sókè. Bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì ni mo gbìn wọ́n sí ní fàráńdà. Gbogbo ìgbà òjò ni wọ́n fi dára. Bí ọyẹ́ ṣe dé, etí ewé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jó, wọ́n ń rọ. Mo wá ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́, síbẹ̀ wọ́n ń rọ sí i ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo da bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì síta, ti dúdú kan àti ti èyí tó ń dán. Iṣu ìdí wọn ti rà, ó ń rùn. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Kánádà ní ńṣe làwọn máa ń hú tàwọn kí òtútù tó dé, tí àwọn á kó o sínú páálí. Ṣé ohun tó yẹ kí èmi náà máa ṣe nìyẹn? Kí ni kí n ṣe sí méjì tó kù?"

Ìdáhùn

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá. Òùngbẹ kọ́ ló pa wọ́n, omi ni.

Kì í ṣe pé omi burú fún eti-erin, òdòdó ewé ńlá tó bá kókò tan yìí. Lóṣù keje, bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn mu ju omi tí ẹ bù sí i lọ́yẹ́ lọ, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ohun tó yí padà ni ewé. Ewé ńlá ló ń fa omi láti ìdí wá sókè, tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ sì ń gbà á lójú rẹ̀. Bí ewé márùn-ún bá ti di ẹyọ kan tó ti gbẹ dé ìdajì, kò sí ohun tó máa fa omi ọ̀hún mọ́. Omi á dúró sínú erùpẹ̀, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè dé ibi tí gbòǹgbò wà, gbòǹgbò á kú, ìjẹrà á sì gba ojú gbòǹgbò wọnú iṣu. Gbòǹgbò tó ti kú ò lè mumi, ìdí nìyẹn tí ewé tó kù fi ń rọ nígbà tí erùpẹ̀ tutù rinrin. Ẹni tó bá rí i á ní òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, á tún bù kún un. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ilé nìyẹn.

Ọ̀nà méjì ló wà tí eti-erin fi lè la ọ̀gbẹlẹ̀ já n'Ìbàdàn: kẹ́ ẹ ràn án lọ́wọ́ kó máa hù lọ, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kó sùn. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú nínú méjèèjì dára. Èyí tí kò dára ni kó ti máa sùn, kẹ́ ẹ ṣì máa bomi rin ín bí èyí tó jí. Ní ti híhú, ẹ má hú u. Mo máa sọ ìdí ẹ̀ tí mo bá dórí ọ̀rọ̀ ọmọ yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tọ́jú àwọn tó kù, nítorí oṣù kẹta la wà yìí, àkọ́rọ̀ òjò ò ní pẹ́ dé. Ẹ dá omi dúró lónìí. Ẹ fi ìka tú erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi kan orí iṣu, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Bó bá le, tí kò rùn, ẹ dá erùpẹ̀ padà, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀ títí ṣóńṣó ewé tuntun á fi yọ. Bó bá rọ̀ níbì kan, ẹ hú u, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ tó mọ́ gé ibi tó rà kúrò. Ẹ máa gé e wọlé títí ẹ ó fi kan ara tó mọ́, tí kò ní ojú ìdọ̀tí kankan. Bí ilà pọ́nrándan kan ṣoṣo bá kù níbẹ̀, ó máa rà lọ ni. Ẹ fi eérú gbígbẹ tí kò gbóná mọ́ pa ojú ọgbẹ́ náà, kẹ́ ẹ gbé e sábẹ́ òjìji fún ọjọ́ méjì kójú ẹ̀ gbẹ, kẹ́ ẹ tó gbìn ín sínú erùpẹ̀ tuntun tó kàn rin díẹ̀.

Bẹ́ ò bá sì tíì da àwọn méjì tó rà nù, ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ wọn wò. Ìyá máa ń rà kí ọmọ iṣu tó so mọ́ ọn ṣì le. Ọmọ tí kò ju orí àtàńpàkò lọ pàápàá á hù. Ẹ fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì wọn pẹ̀lú bílíìsì, ìwọ̀n kan sí ìwọ̀n omi mẹ́sàn-án, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn. Erùpẹ̀ tó wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má lò ó fún ohunkóhun tó bá kókò tan mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìbátan yìí ṣe pàtàkì, nítorí mẹ́rin tẹ́ ẹ rà yẹn kì í ṣe irú kan náà, ohun tí kálukú wọn fẹ́ sì yàtọ̀. Ẹ wo ibi tí ọ̀pá ewé ti so mọ́ ewé. Bó bá so mọ́ ikùn ewé, tó jìnnà díẹ̀ sí ibi tí ewé ti là sí méjì, tí ṣóńṣó ewé sì dorí kodò, Colocasia nìyẹn, òun ni ìran kókò tó wá láti Éṣíà. Àwọn dúdú yín wà nínú wọn. Ẹ da omi sórí ewé rẹ̀, ẹ óò rí i tó ń yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀ láìrin ewé ọ̀hún rárá. Ó fẹ́ràn omi dé ibi pé ẹ lè gbé ìdí rẹ̀ sínú omi nígbà tó bá ń hù.

Bí ọ̀pá bá so pọ́ńbélé mọ́ ojú ibi tí ewé ti là, tí ewé fẹ̀, tí kò dán, Xanthosoma ni, èyí tó wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbìn fún jíjẹ káàkiri ìpínlẹ̀ wa. Ẹ̀rí tó pọ̀ jù ni pé aláwọ̀ ewé yín nìyẹn. Ó fẹ́ erùpẹ̀ tó rin, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí omi dúró sí i nídìí. Àrùn tó máa ń ra gbòǹgbò rẹ̀, Pythium, omi tó dúró ló fẹ́ràn.

Èyí tó ń dán, tí iṣan ewé rẹ̀ yọ gbàgàdà, tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sókè tàbí síwájú, Alocasia ni. Òun ló le jù láti tọ́jú nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, nítorí kò lè fara da omi tó dúró rárá, kò sì fẹ́ gbẹ pátápátá bíi ti Colocasia. Kò yà mí lẹ́nu pé òun wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ kú. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ kọ́kọ́ ṣètò erùpẹ̀ tó yẹ ẹ́.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì lítà 20 kò burú. Ó jìn tó, ó sì fẹ̀ tó fún ẹyọ kan. Ẹ má gbin méjì sínú ọ̀kan. Ihò ló sábà máa ń ṣàbùkù rẹ̀. Àwọn èèyàn á lu ihò kan sáàárín, wọ́n á gbé e kalẹ̀ lórí táìlì, táìlì á sì dí ihò náà. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́fà sí ìdí rẹ̀, tí ìka kékeré lè wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tún lu mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́, ní ìwọ̀n ínǹṣì kan sókè ìdí. Ẹ gbé e lé àfọ́kù búlọ́ọ̀kù méjì kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè mí. Àjákù àwọ̀n ẹ̀fọn kékeré ni kẹ́ ẹ tẹ́ sórí ihò kí erùpẹ̀ má baà dà jáde. Ẹ má da òkúta sí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì, báwọn kan ṣe máa ń sọ pé ó ń jẹ́ kí omi jáde. Omi kì í tètè fi erùpẹ̀ wínníwínní sílẹ̀ bọ́ sínú òkúta. Ńṣe ni yóò dúró sórí òkúta náà, tí ibi tó tutù jù á wá sún mọ́ iṣu.

Ìkòkò amọ̀ rẹwà, ara rẹ̀ sì ń mí, èyí tó dára fún Alocasia. Ṣùgbọ́n lọ́yẹ́ ó máa ń gbẹ kíákíá. Ìkòkò onísìmẹ́ǹtì wúwo, ìjì oṣù kẹrin kò lè tì í ṣubú, àǹfààní ńlá nìyẹn fún ohun tí ewé rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Erùpẹ̀ wá ni ọ̀rọ̀ gan-an. Àkóbọ̀ kún fún ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, ilẹ̀ pupa tí wọ́n gbẹ́ jáde nínú ìpìlẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń bù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ yẹn máa ń dì gbagidi, omi á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sáré kọjá láìwọlé lọ́gbẹlẹ̀, á sì di ẹrẹ̀ lójò. Pẹ́ńtì tí wọ́n fi ń wọn gàrí lọ́jà, tó ń gbà tó lítà 4, ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. Fún Colocasia àti Xanthosoma, ẹ bu ilẹ̀dú pẹ́ńtì 2, ìgbẹ́ màlúù tàbí ti adìẹ tó ti jẹrà dáadáa pẹ́ńtì 1, èèpo ìrẹsì tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó tó ti di dúdú pẹ́ńtì 1, àti yanrìn odò ìdajì pẹ́ńtì. Ìyẹn á kún bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, á sì ku ínǹṣì bíi méjì sí ẹnu rẹ̀ fún omi. Fún Alocasia, ẹ dín ilẹ̀dú kù sí pẹ́ńtì 1, ẹ sọ yanrìn di pẹ́ńtì 1, kẹ́ ẹ fi ìdajì pẹ́ńtì èédú tẹ́ ẹ fọ́ wẹ́wẹ́ kún un. Àjílẹ̀ àti èèpo ìrẹsì dúró bí wọ́n ṣe wà.

Mo ní "tó ti jẹrà" àti "tó ti di dúdú", mo sì ní ìdí. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fi ọ̀rá bò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, títí kò fi ní gbóná mọ́ tí òórùn rẹ̀ á sì lọ. Lẹ́búlẹ́bú pákó tútù, irú èyí tí wọ́n ń kó kúrò lábẹ́ ayùn lọ́jà pákó Bódìjà, yàtọ̀ díẹ̀. Kì í jó nǹkan, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ́ máa ń gba náítírójìn inú erùpẹ̀ mọ́ eti-erin lọ́wọ́, ewé á wá funfun ràndánràndán.

Ẹ gbin iṣu sí ìsàlẹ̀ ní ínǹṣì méjì sí mẹ́ta. Ojú tó ní òrùka àti ṣóńṣó ló ń wà lókè. Bẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ẹ gbé e dùbúlẹ̀, yóò wá ọ̀nà ara rẹ̀. Ẹ bomi sí i lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì dúró. Òjò oṣù kejì sí ìkẹta máa ń tanni jẹ n'Ìbàdàn. Ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tún ká ọwọ́ kò fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Títí ewé àkọ́kọ́ á fi là, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, ìyẹn ìdajì lítà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó.

Bí ewé kẹta bá ti yọ, oúnjẹ kàn án. Àjílẹ̀ NPK 15-15-15, ìdérí ìgò kan fún bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, lọ́sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, láti oṣù karùn-ún títí dé ìparí oṣù kẹsàn-án. Ẹ wọ́n ọn yí ká ní ínǹṣì mẹ́rin sí ìdí, lórí erùpẹ̀ tó ti rin, kẹ́ ẹ fi erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó. Bẹ́ ẹ bá dà á sórí erùpẹ̀ gbígbẹ, etí ewé á jó lọ́jọ́ kejì-kẹta. Ewé tó ti gbó máa ń pọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí tuntun bá ṣe ń yọ, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Bí mẹ́ta bá pọ́n pa pọ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀: ó lè jẹ́ ebi, ó sì lè jẹ́ omi tó dúró.

Ohun kan máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu lójò: òjò á rọ̀ wọ̀ọ̀, erùpẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì á sì gbẹ táútáú. Ewé ọ̀hún ń ṣe bí agboòrùn ni, ó ń da omi síta bọ́kẹ́ẹ̀tì. Fàráńdà tiẹ̀ tún burú jù, nítorí òjò kì í débẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, ẹ má fi òjò ṣe ìwọ̀n. Ẹ fa ẹyọ ọwọ̀ kan yọ lára ìgbálẹ̀, ẹ tì í wọ erùpẹ̀ dé ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ fà á yọ. Bí erùpẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má bomi rin ín lónìí. Bó bá jáde ní gbígbẹ, ẹ bomi rin ín títí omi á fi máa jáde nísàlẹ̀. Èyí wúlò pàápàá láàárín oṣù keje sí ìkẹjọ tí òjò máa ń sinmi. Omi tẹ́ ẹ fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀wà dára. Omi ìfọṣọ kò dára.

Bẹ́ ẹ bá gbé àwo omi sábẹ́ Colocasia, ẹ dà á nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ fọ inú rẹ̀, nítorí ẹ̀fọn lè pa níbẹ̀ kó sì fò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Omi tó ń kán ní ṣóńṣó ewé láàárọ̀ kùtùkùtù kì í ṣe ìrì, kì í sì í ṣe àrùn. Eti-erin fúnra rẹ̀ ló ń tú u jáde. Ní ti oòrùn, dúdú ń fẹ́ oòrùn, bó bá wà lókùnkùn ewé rẹ̀ á padà di aláwọ̀ ewé. Alocasia fẹ́ ti àárọ̀ nìkan.

Àrùn kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ dá mọ̀. Láti bí ọdún 2009 ni àrùn ewé kókò, tí Phytophthora colocasiae ń fà, ti wọ Nàìjíríà, ó sì ti ba oko púpọ̀ jẹ́. Ìbátan àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú ni. Ìgbà òjò tí alẹ́ tutù ló máa ń jà. Ẹ óò rí àmì róbótó tó dà bíi pé omi rin ín, tó ń fẹ̀ pẹ̀lú òrùka nínú òrùka, tí omi pupa rúsúrúsú sì máa ń sun jáde lójú rẹ̀ tó máa ń gbẹ di kóró. Colocasia ló ń mú jù. Xanthosoma kì í sábà kó o. Ẹ gé ewé náà láti ìdí ọ̀pá rẹ̀ ní ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ jó o tàbí kẹ́ ẹ dì í sínú ọ̀rá dànù, ẹ yà wọ́n nípa ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì máa da omi sí ìdí, kì í ṣe sórí ewé. Fún bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, èmi ò ní ní kẹ́ ẹ ra oògùn kòkó wá fín sí fàráńdà tí ọmọdé ń ṣeré.

Ó wá ku ọ̀gbẹlẹ̀. N'Ìbàdàn kì í ṣe òtútù ló ń dààmú eti-erin. Òru oṣù kejìlá àti ìkínní kì í sábà tutù tó ohun tó máa dá a dúró, nítorí ìgbà tí ooru bá lọ sílẹ̀ ju 15°C lọ ni ìdàgbà rẹ̀ ń falẹ̀ gan-an. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá ni ọ̀tá rẹ̀. Ó ń fa omi lójú ewé yára ju bí gbòǹgbò ṣe lè gbé e wá lọ, ibi tó jìnnà jù, ìyẹn etí ewé, ló sì ń kọ́kọ́ jó.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó máa hù lọ, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni kẹ́ ẹ ti ṣètò, ẹ má dúró di ìgbà tí eruku bá bo ojú ọ̀run. Ẹ kó gbogbo wọn jọ sí kọ̀rọ̀ kan tí ògiri dáàbò bò lọ́wọ́ afẹ́fẹ́, tí oòrùn ọ̀sán kì í dé. Ẹ tẹ́ ewé gbígbẹ tàbí èèpo ìrẹsì sórí erùpẹ̀ ní ínǹṣì méjì, kó má kan ọ̀pá. Láàárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa bomi rin ín. Colocasia tó ní ewé ńlá mẹ́rin sí márùn-ún lè mu ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́. Bí ewé bá ku méjì, ẹ dín in sí ọ̀kan. Bó bá ku ẹyọ kan, ẹ lo ọwọ̀ ìgbálẹ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó bù ú. Ẹ ò ní fún un ní àjílẹ̀ kankan láti oṣù kejìlá sí ìkejì. Ewé tuntun á kéré sí ti òjò, ẹ má bínú sí i.

Eruku ọyẹ́ máa ń dí ojú ewé. Ẹ fi aṣọ tútù nu ti Alocasia lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, àmọ́ ẹ má nu ti Colocasia, ẹ kàn da omi lé e lórí, nítorí ìda tó wà lójú rẹ̀ ló ń dáàbò bò ó, nínù á sì ká a kúrò. Bẹ́ ẹ bá ń da omi yẹn, ẹ yí ewé padà. Kòkòrò pupa wínníwínní tó ń ta okùn lábẹ́ ewé máa ń pọ̀ lọ́yẹ́, àmì rẹ̀ sì ni kí ojú ewé máa ní tótòtó funfun. Omi tó fi agbára jáde lẹ́nu họ́ọ̀sì, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, sábà máa ń tó fún un. Bó bá ṣorí kunkun, ẹ po ṣíbí kékeré ọṣẹ dúdú kan mọ́ omi lítà kan, ẹ fín in sábẹ́ ewé nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ ṣan án lọ́jọ́ kejì. Lójú oòrùn, ọṣẹ á jó ewé. Tata náà máa ń wá lọ́gbẹlẹ̀. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣà á láàárọ̀ kí ara rẹ̀ tó yá.

Bẹ́ ò bá ráyè omi ojoojúmọ́, tàbí kànga yín máa ń gbẹ lóṣù kìíní, ẹ jẹ́ kí Colocasia àti Xanthosoma sùn. Èmi á tiẹ̀ gbà yín níyànjú pé ọ̀nà yìí ni kẹ́ ẹ mú fún wọn. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kọkànlá, ẹ dín omi kù sí ìdajì. Bí oṣù kejìlá bá ti wọlé, ẹ dá a dúró. Ẹ má tètè gé ewé tó ṣì tutù, nítorí ohun tó wà nínú ewé ló ń padà sínú iṣu bó ṣe ń pọ́n. Ìgbà tí ewé bá gbẹ tán ni kẹ́ ẹ gé ọ̀pá, kó ku ínǹṣì méjì. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ òrùlé, níbi tó ṣókùnkùn tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kẹ́ ẹ fi àwọ̀n wáyà bo ẹnu rẹ̀ torí eku, nítorí eku máa ń jẹ iṣu náà. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan lóṣù, kí iṣu má baà hunjọ, òun ni gbogbo omi rẹ̀ títí di oṣù kẹta. Bó bá ti ọkàn yín wá pé kẹ́ ẹ fi kún un, ẹ tún ìbẹ̀rẹ̀ ìdáhùn yìí kà.

Alocasia ni kò yẹ kó sùn pátápátá. Ẹ jẹ́ kó wà ní jíjí pẹ̀lú ewé méjì tàbí mẹ́ta, ẹ bomi rin ín nígbà tí òkè erùpẹ̀ bá gbẹ dé ínǹṣì méjì nìkan.

Bẹ́ ẹ bá ń gé wọn tàbí ń hú wọn, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Omi ara gbogbo wọn ní kóró tó rí bí abẹ́rẹ́ nínú, tó máa ń yún ara tó sì máa ń ta ojú. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ àti ajá sún mọ́ ọn. Ẹ má sì ro èyí tẹ́ ẹ rà fún ẹwà sínú ọbẹ̀, ẹ ò mọ oògùn tí olùtà fín sí i.

Ọmọ yín ò ṣì ṣe o. Ní Kánádà, ilẹ̀ máa ń dì, iṣu tó bá wà nínú ilẹ̀ tó dì á kú. Ìdí tí wọ́n fi ń hú u nìyẹn. Bí òtútù àkọ́kọ́ bá ti sọ ewé di dúdú, kó gé e kó ku ínǹṣì méjì, kó hú u, kó gbọn erùpẹ̀ kúrò láìfọ̀ ọ́, kó sá a fún ọjọ́ díẹ̀ nínú ilé. Kó wá fi ìwé ìròyìn gbígbẹ wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú páálí, kì í ṣe ọ̀rá, kó gbé e síbi tó wà láàárín 7 sí 13°C, bí àjà ilẹ̀ ilé wọn. Fíríìjì tutù jù fún un. Lóṣooṣù ni kó máa tẹ̀ wọ́n wò, kó yọ èyí tó bá rọ̀ kó má baà ran àwọn tó kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀, kó gbìn wọ́n sínú ìkòkò nínú ilé. Bó bá ní èyí tó ń dán, kó má hú ìyẹn. Kó gbé ìkòkò rẹ̀ wọlé sẹ́bàá fèrèsé kí òru tó tutù ju 15°C lọ, kó sì dín omi rẹ̀ kù.

Páálí yẹn kò lè ṣiṣẹ́ fún yín n'Ìbàdàn, nítorí kò sí yàrá tó tutù bẹ́ẹ̀ nílé yín. Nínú ooru ilé wa lóṣù kejì, iṣu tó wà nínú páálí á hunjọ, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí í hù nígbà tí kò sí erùpẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti wà, nínú erùpẹ̀ tó gbẹ, ni kẹ́ ẹ fi í sí.